Ọjọ́ tí Ìyá Mi Pe Àǹtí Kékeré Lórúkọ

Òórùn èédú àti ewé kókò ló máa ń kọ́kọ́ kí wa nínú kíláàsì ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì. Àwọn tí iṣẹ́ kàn á ti gún èédú pọ̀ mọ́ ewé, wọ́n á fi ra pátákó títí yóò fi dúdú kirikiri, omi dúdú á sì máa ro láti ara rẹ̀ sílẹ̀. Ó yẹ kó gbẹ kí Tíṣà tó kọ nǹkan sí i. Lọ́jọ́ Ẹtì tí mò ń sọ yìí, kò tíì gbẹ tí Tíṣà wa fi kọ PRONOUNS sí i ní lẹ́tà ńláńlá. Ṣọ́ọ̀kì ń wọnú omi lọ, lẹ́tà tó gbẹ̀yìn kò sì hàn títí di àkókò ìsinmi.

Praimari Karùn-ún la wà nígbà náà, ní ilé ìwé kan ní Ìkòròdú tí kò jìnnà sí ibùdókọ̀ Benson. Tíṣà wa jẹ́ obìnrin ará Rẹ́mọ kan tí kì í pariwo. Wọ́n ní pronoun ni ọ̀rọ̀ tí a fi ń rọ́pò orúkọ, kí a má baà máa pe orúkọ kan náà lápètúnpè. Wọ́n ní irú méje la máa kọ́. Personal ni ti ẹni tó ń sọ̀rọ̀, ẹni tí à ń bá sọ̀rọ̀ àti ẹni tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀: I, you, he, she, it, we, they. Possessive ń sọ ẹni tó ni nǹkan: mine, yours, hers. Reflexive máa ń padà sórí ẹni tó ṣe nǹkan náà: myself, yourself. Demonstrative ń nàka: this, those. Interrogative ń bèèrè: who, which. Relative ń so gbólóhùn mọ́ ara wọn: the woman who sews. Indefinite kò mọ ẹni pàtó: somebody, nobody. Mo kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé mi, mo sì fi rúlà fa ilà sábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo fẹ́ràn rẹ̀. Ọmọ tó máa ń fẹ́ kí nǹkan ní iye ni mí, ohun tó bá sì jẹ́ méje, mo lè kà á tán láìsinmi.

Ibi tó ti le ni he àti she. Nínú èdè tiwa, “ó” kan náà ló wà fún ọkùnrin, obìnrin, ewúrẹ́ àti àga, kò sì sí ẹni tí ìyẹn ń dà láàmú. Tíṣà ní kí oníkálùkù kọ gbólóhùn méjì nípa bàbá rẹ̀. Mo kọ ọ́ pé: My father is a storekeeper. They go to work early. Tíṣà fi bírò pupa fa ilà sábẹ́ they, wọ́n sì bi mí pé bàbá mélòó ni mo ní. Mo ní ọ̀kan ni. Wọ́n ní kí n kọ he. Mo kọ ọ́, ṣùgbọ́n mo fi àtẹ́lẹwọ́ bò ó, nítorí ńṣe ló dà bí ẹni pé mo ń pe bàbá mi ní “ó” lójú wọn. Bàbá mi wà ní ilé iṣẹ́ wọn ní Odógunyàn lákòókò yẹn. Wọn kò lè rí mi. Mo ṣì bò ó.

Ìsẹ́yìn làwọn òbí mi ti wá. Yàrá kan la gbà nínú ilé tí yàrá mẹ́wàá ti kọjú síra wọn, ìyá mi sì ń ránṣọ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ iwájú. Yunifọ́ọ̀mù ọmọ ilé ìwé ló pọ̀ jù nínú iṣẹ́ wọn. Nígbà tí mo dé lọ́sàn-án ọjọ́ náà, mo ka ìwé mi sí wọn létí níbi tí wọ́n ti ń tẹ ẹ̀rọ. Wọ́n bèèrè ohun tó ń jẹ́ pronoun. Mo ní ọ̀rọ̀ tí a fi ń rọ́pò orúkọ ni. Wọ́n tẹ ẹ̀rọ díẹ̀ sí i, wọ́n dúró, wọ́n ní, “Ìyẹn ni wọ́n fi odindi àárọ̀ kọ́ yín?”

Wọ́n lẹ́tọ̀ọ́ láti bèèrè. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé ìyá mi níyàwó, wọn kò pe orúkọ ẹnikẹ́ni nínú ìdílé bàbá mi rí. Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà mọ̀ ọ́n, ẹ̀yin náà rí i lọ́dọ̀ ìyá tiyín. Àbúrò bàbá mi tó ń kàwé ni wọ́n ń pè ní Akọ̀wé, èyí tí ìdí rẹ̀ tóbi ni Ìbàdíàrán. Bí ẹnikẹ́ni bá bi wọ́n pé kí ni orúkọ àwọn àbúrò ọkọ wọn yìí gan-an, èsì kan náà ni wọ́n máa ń fọ̀: “Ẹnu mi ò tó o.” Tiwọn tilẹ̀ le ju ti àwọn ìyàwó ilé yòókù lọ. Orí ẹni tí wọ́n ti bí kí ìyàwó tó wọlé ni òfin náà dá lé, ṣùgbọ́n ìyá mi kò ya ẹnikẹ́ni sọ́tọ̀. Ọmọ ìyá ọkọ, ọkọ ni. Àbígbẹ̀yìn ìyá bàbá mi, ọmọ ọdún mẹ́ta ni mí nígbà tí wọ́n bí i. Ìyá mi wà níbi ìsọmọlórúkọ, wọ́n gbọ́ orúkọ náà lẹ́nu ààfáà, wọ́n bá wọn tọ́ oyin wò, wọ́n sì sọ ọmọ náà ní Opéléńgẹ́ lójú ẹsẹ̀.

Opéléńgẹ́ yìí ni bàbá mi mú wá láti Ìsẹ́yìn ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ẹ̀kọ́ pronoun, pé kó wá máa gbé lọ́dọ̀ wa, kó sì wọ ilé ìwé. Ọmọ ọdún méje ni, èmi sì jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá. Bàbá mi mú mi jókòó, wọ́n ṣàlàyé pé àbúrò àwọn ni, nítorí náà àǹtí mi ni. Wọ́n fi “ẹ” jì mí, pé mo lè máa pè é ní “o”, ṣùgbọ́n wọn kò fi orúkọ jì mí. Àǹtí Kékeré ni kí n máa pè é. Bàbá mi fúnra wọn ń pè é ní Àbúrò. Àwọn ayálégbé ń pè é ní Àbúrò Bàbá Bọ́lá, torí Bọ́lá lorúkọ tèmi. Ìyá mi ń fi “ẹ” bá a sọ̀rọ̀: “Opéléńgẹ́, ẹ wá jẹun. Ẹ nu imú yín.” Orí ẹní kan la jọ ń sùn, omi kan la jọ ń wẹ̀, ọ̀sẹ̀ méjì sì kọjá tí n kò mọ orúkọ rẹ̀. Kò tilẹ̀ wá sí mi lọ́kàn pé ó ní ọ̀kan.

Iṣẹ́ tí Tíṣà ní kí a ṣe wá láti ilé ni pronoun mẹ́rìnlá, méjì fún irú kọ̀ọ̀kan. A kò gbọ́dọ̀ mú un láti inú ìwé kankan. Ibi tí ojú wa ti rí i la gbọ́dọ̀ ti mú un. Ẹni tó bá mú un pé ló máa di mọ́nítọ̀. Mo fẹ́ di mọ́nítọ̀. N kò tíì fẹ́ nǹkan kan tó bẹ́ẹ̀ rí.

Lọ́jọ́ kejì tí í ṣe Àbámẹ́ta, ìyá mi kó àwa méjèèjì lọ sí Gáréèjì Ìkòròdú láti ra òwú ìránṣọ àti sàńdà tí Àǹtí Kékeré máa wọ lọ sílé ìwé. Bàbá mi wà níbi iṣẹ́. Kí a tó wọ àárín ọkọ̀, ìyá mi fi ọwọ́ Àǹtí Kékeré lé mi lọ́wọ́, wọ́n ní, “Mú wọn dání. Bí ara bá ń yún ọ, fi ọwọ́ kejì họ ọ́.” Mo ní mo gbọ́, Mà. Ọwọ́ kejì ni mo fi mú ìwé àti pẹ́ńsù mi.

Ẹ rántí bí ọkọ̀ ṣe máa ń ní ọ̀rọ̀ lára láyé ìgbà yẹn. Kò sí bọ́ọ̀sì tí kò ní nǹkan tó ń sọ, èdè Gẹ̀ẹ́sì ló sì fi ń sọ ọ́. Mo rí WHO KNOWS TOMORROW lára bọ́ọ̀sì Ṣágámù, mo kọ who, interrogative. Mo rí THIS TOO IS GOD, mo kọ this, demonstrative. Bí mo ṣe ń fi ọwọ́ kan kọ ọ́, ìwé ń yọ̀. Ní ẹ̀gbẹ́ ibi tí wọ́n ti ń lẹ táyà, mo rí NOBODY KNOWS lára ọkọ̀ Ẹ̀pẹ́, mo kọ nobody. Reflexive ló ṣòro rí. Mo wá a títí mo fi rí ọkọ̀ akópákó kan tí wọ́n kọ BLAME YOURSELF sí ẹ̀yìn rẹ̀, mo sì kọ yourself pẹ̀lú ìwé tó dúró gbọin-ín gbọin-ín lọ́wọ́ mi. Ìgbà náà ni mo ṣàkíyèsí pé ọwọ́ méjèèjì ni mo fi mú ìwé. Láàárín nobody àti yourself ni mo ti fi ọwọ́ Àǹtí Kékeré sílẹ̀. N kò lè sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Mo sọ fún ìyá mi lójú ẹsẹ̀ pé n kò rí i mọ́. Wọn kò nà mí, ìyẹn ló jẹ́ kí ẹ̀rù bà mí. Wọ́n fi òwú tí wọ́n ń yẹ̀ wò sílẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lọ láàárín ọkọ̀, wọ́n ń pe, “Opéléńgẹ́! Opéléńgẹ́ mi!” Àwọn obìnrin ń bojú wẹ̀yìn, àwọn kan rẹ́rìn-ín, kọ́ńdọ́kítọ̀ kan ní òun nìyí. Àwọn ọkọ̀ ń gbéra: Ẹ̀pẹ́, Ṣágámù, Ìbàdàn, Ketu. Èyí tó bá ti gbéra, mo máa ń wo fèrèsé rẹ̀ títí yóò fi yí kọ́nà. Ọmọ tó ti Ìsẹ́yìn dé ní ọ̀sẹ̀ méjì kò mọ àdúgbò wa, kò mọ orúkọ òpópónà, kò sì mọ ẹnì kan tayọ àwa mẹ́ta. Bí ó bá wọ ọ̀kan nínú àwọn ọkọ̀ yẹn, kò sí ohun tó máa dá a padà.

Ọkùnrin kan ń ta oògùn aràn lórí àpótí ní àárín gáréèjì. Ó ní ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ó sì ní aràn nínú ìgò. Ìyá mi lọ bá a, wọ́n ní kó jọ̀ọ́, kó bá àwọn kéde. Ó bèèrè ẹni tó sọnù.

“Ọkọ mi ni,” ni ìyá mi wí. “Ẹ̀yìn wa níbí ni wọ́n wà, a ò rí wọn mọ́.”

Ọkùnrin náà gbé ẹ̀rọ kúrò lẹ́nu, ó sì rọ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Ó bèèrè bóyá Bàbá ti máa ń gbàgbé ọ̀nà tẹ́lẹ̀, ó ní oògùn kan wà lọ́wọ́ òun fún un.

“Ọmọ ọdún méje ni wọ́n.”

Àwọn tó ń ra oògùn bú sẹ́rìn-ín. Ìyá àgbà kan tó ń ta omi tútù bínú sí wọn, ó ní àbúrò ọkọ rẹ̀ ni, ó sì bi ọlọ́jà oògùn pé, “Ìwọ ò níyàwó nílé ni?”

“Mo ní, Mà,” ni ọkùnrin náà fèsì. “Tèmi ń pè mí lórúkọ, tèmi ti bàbá mi.”

Ó tún bi ìyá mi pé kí lorúkọ ọmọ náà. Wọ́n ní Opéléńgẹ́. Ó ní ìyẹn kọ́ lòun ń bèèrè, ó ní bí òun bá pe Opéléńgẹ́ nínú gáréèjì yìí, gbogbo obìnrin tó wà níbẹ̀ ló máa dáhùn. Ta ló mú un wá, ti ta ni, aṣọ wo ló wọ̀? Bí ẹ̀rù ṣe ń bà mí tó, mo rí i pé interrogative ni gbogbo rẹ̀. Ìyá mi kò ní ju “wọ́n” lọ láti fi dá a lóhùn. Ọkùnrin náà kéde kaba búlúù, ó kéde eyín iwájú méjì tó ti ká. Ẹnikẹ́ni kò jáde.

Ìyá mi wá kọjú sí mi. “Bọ́lá, pe orúkọ àǹtí rẹ fún un.”

“Àǹtí Kékeré,” ni mo wí.

“Orúkọ wọn.”

Mo ní n kò mọ̀ ọ́n, Mà. Ìyá mi wò mí pẹ́. Ó jọ pé ìgbà yẹn ló yé wọn pé nínú gbogbo Ìkòròdú, àwọn méjì péré ló mọ orúkọ ọmọ náà, èkejì sì wà ní Odógunyàn.

Wọ́n tú gèlè wọn, wọ́n fi gbàjá, wọ́n sì kúnlẹ̀ nínú ẹrẹ̀ pẹtiróòlù. Wọ́n kọjú sí Ìsẹ́yìn, wọ́n tọrọ àforíjì lọ́wọ́ gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀, alààyè àti òkú. N kò mọ ibi tí Ìsẹ́yìn wà láti ibẹ̀. Ìyá mi náà kò mọ̀ ọ́n. Ẹ̀yìn ọkọ̀ Ìbàdàn ni wọ́n kọjú sí. Lẹ́yìn náà wọ́n dìde, wọ́n gba ẹ̀rọ lọ́wọ́ ọkùnrin náà, wọ́n sì pe orúkọ náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ẹ̀ẹ̀kan ni mo máa kọ ọ́ níbí: Múnírátù.

Ohùn wọn kò jọ ohùn wọn. Gbogbo gáréèjì gbọ́ ọ. A dúró. Ẹnikẹ́ni kò dáhùn.

Ọkùnrin náà gba ẹ̀rọ rẹ̀ padà. Ìyá mi dúró, ọwọ́ wọn wà lẹ́nu. Ohun tí mo ní lọ́wọ́ kò ju ìwé mi lọ, mo bá fi wá ọ̀nà padà. Mo lọ síbi tí mo ti kọ yourself, mo ti ibẹ̀ padà síbi tí mo ti kọ nobody. Ọkọ̀ Ẹ̀pẹ́ ti lọ, ṣùgbọ́n òkìtì táyà ṣì wà níbẹ̀. Mo rí bàtà rọ́bà kékeré kan tó yọ jáde láti inú táyà ńlá kan tí wọ́n fi ti ògiri. Àǹtí Kékeré kákò sínú rẹ̀, ó fi ìka di etí rẹ̀ méjèèjì.

Mo ní kó jáde. Ó mi orí. Ó ní ibẹ̀ lòun ti ń dúró dè mí, pé nígbà tí ọkùnrin yẹn ń sọ kaba búlúù, òun ti dìde, òun fẹ́ máa bọ̀. Ó wá wò mí bí ẹni pé èmi ni mo mọ ẹjọ́ náà. “Kí ni mo ṣe? Ìyàwó wa pe orúkọ mi.” Ó ní láti ìgbà tí òun ti dáyé, wọn kò pe òun bẹ́ẹ̀ rí, pé ẹ̀ṣẹ̀ tó mú wọn pè é nínú ẹ̀rọ, kò ní jẹ́ kékeré. Ó bèèrè bóyá wọ́n máa dá òun padà sí Ìsẹ́yìn lónìí, àbí lọ́la. N kò lè fà á jáde. Mo sáré lọ pe ìyá mi.

Ìyá mi lóṣòó síwájú táyà náà. Wọn kò fọwọ́ kàn án.

“Opéléńgẹ́ mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jáde. Ẹnu mi ló ṣì.”

“Ṣé ẹ̀yin lẹ pè mí?” Ohùn rẹ̀ ti inú táyà jáde.

“Èmi ni. N ò ní pè yín mọ́ láéláé.”

Ó ṣeé ṣe kí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ba ọmọ mìíràn nínú jẹ́. Àǹtí Kékeré gbọ́ ọ, ó sì jáde. Epo dúdú wà lójú rẹ̀. Ìyá mi gbé e pọ̀n láti ibẹ̀ títí dé ilé, èmi ni mo gbé sàńdà tí a ti kọ́kọ́ rà. Kò sí ẹni tó ní kí n mú ẹnikẹ́ni lọ́wọ́.

Nígbà tí bàbá mi dé ní ìrọ̀lẹ́, wọn kò tíì bọ́ bàtà tí ìyá mi fi kúnlẹ̀. Mo rò pé ti ọmọ tó sọnù ni wọ́n fẹ́ sọ, mo sì ti ń mú ara mi le fún ìyà tèmi. Ohun tí wọ́n sọ ni pé, “Bàbá Bọ́lá, mo pe orúkọ wọn.”

Bàbá mi bèèrè ibi tí wọ́n ti pè é. Ìyá mi ní gáréèjì ni. Wọ́n bèèrè bóyá àwọn èèyàn gbọ́. Ìyá mi ní nínú ẹ̀rọ ni. Bàbá mi jókòó. Ìgbà náà ni wọ́n gbọ́ ìyókù, wọ́n sì wo Àǹtí Kékeré tó ń fi sàńdà tuntun rìn káàkiri yàrá, wọ́n wo èmi náà, n kò sì gbé ojú sókè. Ìyá mi ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀.

“Ó jẹ́ ọ lóhùn?” ni bàbá mi bèèrè.

“Wọn ò jẹ́.”

Bàbá mi bẹ̀rẹ̀ sí í tú okùn bàtà wọn. Wọ́n tú ọ̀kan tán, wọ́n bọ́ sórí èkejì. “Bí kò bá jẹ́,” ni wọ́n wí, “o ò tíì pè é. Dìde.”

Ìyá mi dìde. Wọ́n lọ bu oúnjẹ.

Lọ́jọ́ Ajé, pronoun mẹ́rin ni mo mú lọ sílé ìwé. Ọmọ mìíràn di mọ́nítọ̀. Òótọ́ ni pé ó ní mẹ́rìnlá, ṣùgbọ́n ó dá mi lójú títí di òní pé inú ìwé ló ti mú wọn.

Akọ̀wé ni mí báyìí ní ilé ìwé aládàáni kan ní Ìkòròdú yìí kan náà. Èmi ni mò ń kọ orúkọ àwọn ọmọ sínú ìwé ìforúkọsílẹ̀. Àwọn ìyá tó ń ti ẹ̀sítéètì wá, tí wọ́n ń sáré kí wọ́n lè bá ọkọ̀ Èkó, máa ń pe ọkọ wọn lórúkọ lórí fóònù níwájú mi. Ọkọ á dáhùn, wọn á máa bá ọ̀rọ̀ wọn lọ, nǹkan kan kì í ṣe ẹnikẹ́ni. Èmi náà ń pe ọkọ mi lórúkọ. Mo ń pe àwọn àbúrò rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lórúkọ, wọ́n sì ń jẹ́. Ọmọ ọdún mẹ́wàá tí mo jẹ́ nígbà yẹn mọ irú pronoun méje láìwo ìwé, kò sì mọ orúkọ ẹni tó ń bá a sùn lórí ẹní kan. Èmi tòní mọ orúkọ ọmọ tó lé ní ọ̀ọ́dúnrún. Nínú irú pronoun méje tí mo kọ sókè yìí, márùn-ún ni mo rántí fúnra mi. Ọmọ mi ló sọ méjì yòókù.

Àǹtí Kékeré ti ní ọmọ-ọmọ báyìí, Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n ń gbé. Ìyá mi ṣì ń pè wọ́n ní Opéléńgẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kò tín-ín-rín mọ́. “Ẹ” ni mo fi ń bá wọn sọ̀rọ̀, mo mọ̀ pé bàbá mi ti fi jì mí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo pè wọ́n lórí fóònù pé mò ń kọ ìtàn ọjọ́ gáréèjì sílẹ̀, mo sì fẹ́ gba àyè kí n kọ orúkọ wọn sínú rẹ̀.

“Orúkọ wo?” ni wọ́n bèèrè.

“Orúkọ yín.”

“Pè é kí n gbọ́.”

Bébà náà wà níwájú mi. Orúkọ náà wà lórí rẹ̀, ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ ọ́. Mo la ẹnu, n kò sì gbọ́ nǹkan kan. Wọ́n dúró fún mi, mo ń gbọ́ ohùn ọmọdé tó ń ṣeré lọ́dọ̀ wọn. Nígbà tó pẹ́, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kí n máa kọ ọ́ lọ.

“Ẹ ṣé, Àǹtí Kékeré,” ni mo wí.

Nígbà tí mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá, n kò pè é nítorí pé n kò mọ̀ ọ́n. Ní báyìí, mo mọ̀ ọ́n.